Kí ni wọ́n ń fi fóònù wá nínú igbó tuntun? Àlàyé lórí geocaching

Bí ẹ bá ń gba ẹ̀yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, tí ẹ rí ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń yí òkúta kan po, tí wọ́n ń wo fóònù, tí wọ́n ń wo ilẹ̀, tí wọ́n tún ń wo fóònù, nǹkan mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ọ̀kan, wọ́n ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà. Èkejì, ẹnì kan ti sọ fún wọn pé owó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó sì lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lè jẹ́ pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Geocaching ni wọ́n ń pe eré náà. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n dáadáa, wọn ò nílò àlàyé mi. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin igi ìbílẹ̀ sí, ẹni tó ń ṣọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti òbí tí ọmọ rẹ̀ sọ pé òun ń lọ wá ike nínú igbó tí kò sì mọ ohun tó yẹ kóun dáhùn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹnì kan á mú ike tí omi ò lè wọ̀, á fi ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù sínú rẹ̀, á fi pamọ́ síbi tí ojú ò ní tètè tó. Kò ní gbẹ́ ilẹ̀, nítorí òfin eré náà kò fàyè gba gbígbẹ́. Á ka nọ́ńbà ibẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nǹkan wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé, lórí fóònù rẹ̀, á fi nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà díẹ̀. Ẹlòmíràn á rí i níbẹ̀, á tẹ̀ lé e, á wá ike náà títí á fi rí i, á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó rí i sínú ìwé, á sì dá a padà síbi tó ti mú un gẹ́lẹ́. Ó parí. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí ẹni tó na ẹnì kan. Tí ẹ bá bi mí pé èrè wo ló wà níbẹ̀, èmi náà á bi yín pé èrè wo ni àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi láti àárọ̀ ń jẹ.

Eré náà ò tíì pẹ́ láyé. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ṣe sátẹ́láìtì GPS, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tó wà, fún iṣẹ́ ara wọn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì tí àwọn aráàlú ń gbà rú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣini lọ́nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá dúdú kan sínú igbó nítòsí Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon, láti mọ̀ bóyá ẹlòmíràn lè fi nọ́ńbà nìkan rí i. Ó kó ìwé, fídíò, owó díẹ̀, kànnàkànnà àti ẹ̀wà inú agolo kan sínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Mike Teague ti rí korobá náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni Jeremy Irish ṣí ìkànnì geocaching.com, ike 75 péré ló sì wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, wọ́n ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ káàkiri ayé.

Ohun tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni GPS fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé fóònù wọn ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, pé sátẹ́láìtì sì ń wò wọ́n láti òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ ni fóònù ń gbọ́. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà lókè ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀, ó ń kéde ibi tó wà àti àkókò tó kéde. Fóònù á wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló fi ń mọ bí sátẹ́láìtì yẹn ṣe jìnnà sí i tó. Mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: mẹ́ta ló fi ń mọ ibi tó wà, ẹ̀kẹrin ló fi ń tún aago ara rẹ̀ ṣe, torí aago fóònù ò péye tó ti sátẹ́láìtì. Nítorí náà, GPS kì í jẹ dátà. Máàpù tó ń ṣí lábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, ẹ sì lè gbà á sílẹ̀ láti ilé kí ẹ tó dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège. Sátẹ́láìtì ò sì mọ̀ pé ẹ wà láyé. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí ẹ wà, áàpù tí ẹ fúnra yín fi sórí fóònù ló lọ sọ fún un.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ nọ́ńbà náà tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bíi N 08° 08.000 E 004° 15.000. Ìyẹn ni pé ó wà ní ìwọ̀n 8 àti ìṣẹ́jú 8 sí àríwá agbedeméjì ayé, ìwọ̀n 4 àti ìṣẹ́jú 15 sí ìlà-oòrùn Greenwich, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú yìí kì í ṣe ti aago. Tí a bá pín ìwọ̀n kan sí ọgọ́ta, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n máàpù Google máa ń kọ ibi kan náà ní 8.1333, 4.2500. Ẹni tó bá rí 08° 08 tó tẹ 8.08, tó tún tẹ 4.15 dípò 4.25, á bá ara rẹ̀ níbi tó fi ju kìlómítà méjìlá lọ jìnnà sí ibi tó ń lọ, á wá dúró sínú oko olóko máa bú ẹni tó fi ike pamọ́. Ní ti nọ́ńbà tó kẹ́yìn pátápátá, kò tó mítà méjì lórí ilẹ̀, àmọ́ ẹ má gé e sọnù. Mítà méjì ò kéré nínú igbó.

Ó tó àkókò ká wá wọ inú igbó náà. Ilẹ̀ tí wọ́n to igi sí kọ́ ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ igbó ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú oko igi tí a mọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ti tíìkì, gmelina tàbí kajú. Éṣíà ni tíìkì àti gmelina ti wá, kajú wá láti Brazil, kódà dóńgóyárò tí gbogbo wa ń se lágbo nígbà ibà, àlejò ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ìrókò, igi òrí, igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, apá, àràbà, ọ̀pọ̀tọ́, akòko. Àgbègbè wa yìí jẹ́ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, oko dídá àti iná ọdọọdún ló sì sọ ọ̀pọ̀ nínú igbó ibẹ̀ di ọ̀dàn. Ẹni tó bá fẹ́ dá igbó padà kò lè gbin irú igi kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbin ìrókò nìkan sójú kan, kòkòrò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma á rí oúnjẹ. Á mú kí ewé yọ kókó, kókó á bẹ́, ọ̀mùnú á sì rà. Òun ni kò jẹ́ kí oko ìrókò rọrùn láti dá. Tí ìrókò bá wà láàárín igi mìíràn, ó sàn díẹ̀. Igi òrí ní tirẹ̀ lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Nítorí náà, ẹni tó gbin irú igbó yìí, sùúrù ló gbìn.

Ní ọdún kan sí méjì àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú àwọn igi yìí ò ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Nínú koríko, ojú tí kò mọ̀ wọ́n ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ sí èpò. Ibí yìí ni eré náà àti igbó náà ti lè ṣe ara wọn léṣe, ìṣirò kékeré kan ló sì fi hàn.

Lábẹ́ òfurufú gbangba, fóònù máa ń fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣìnà. Nígbà tó bá ní ẹ ti dé, ohun tí ẹ ń wá lè wà ní mítà márùn-ún sí ọ̀tún, sí òsì, síwájú tàbí sẹ́yìn. Ilẹ̀ tó wà nínú ìyíká yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ tó gùn ní mítà mẹ́sàn-án tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá fi mítà mẹ́ta sáàárín igi kan sí èkejì, igi bíi mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà méjì, wọ́n á tó ogún. Ẹni tó fi ike pamọ́ náà, fóònù tirẹ̀ ti ṣìnà díẹ̀ lọ́jọ́ tó ka nọ́ńbà, ìyíká náà á tún wá gbòòrò sí i. Ẹnì kan á fẹsẹ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ wò kó tó rí ike, ojú rẹ̀ á wà lára fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí igi apá tí wọ́n gbìn lóṣù Kẹfà. Ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà bí igi ò bá kú, ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra máa ń le, omi òjò á máa ṣàn lọ lórí rẹ̀, gbòǹgbò ò ní rọ́nà.

Ohun tí mo fi ń sọ pé kí ike má ṣe wà láàárín igi nìyẹn, bó ti wù kí ibẹ̀ dára tó. Eteetí ọ̀nà ni kó wà, tàbí ara ọgbà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbin nǹkan kan. Ibi tí ẹni tó ń wá a á ti lè dúró lójú ọ̀nà, na ọwọ́, kó sì mú un. Kò gbọ́dọ̀ sí pé ẹnì kan kan ìṣó mọ́ igi.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí kò tẹ̀ lé ọfà fóònù rí ò lè ronú kàn. Ọfà náà máa ń nà tààrà, kò mọ ọ̀nà, kò mọ ẹbè, kò mọ ọgbà. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lójú títì tó sì tẹ̀ lé e á là á gba àárín igi kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó fi ike pamọ́ fi nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà igbó náà kún un, kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa gba ojú ọ̀nà lọ.

Igbó tuntun tún ní ẹ̀tàn kan. Lónìí, òfurufú ṣí sílẹ̀, GPS ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ewé á bo òkè, àmì sátẹ́láìtì á máa gbá lára igi àti ewé kó tó dé fóònù, nọ́ńbà tó péye lónìí á wá dà bí irọ́. Ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà ni àwọn èèyàn á wá gbára lé nígbà yẹn. Nítorí náà, ẹ má kọ "ìdí igi kékeré kẹta lápá ọ̀tún" síbẹ̀. Igi kékeré kì í wà ní kékeré, àwọn kan sì máa kú. Òkúta ni kí ẹ dárúkọ.

Ṣé igbó kan lè gba ike púpọ̀? Òfin wọn ni pé ike kan sí èkejì gbọ́dọ̀ tó mítà 161, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá máìlì. Ilẹ̀ hẹ́kítà kan tó gùn ní ọgọ́rùn-ún mítà tó sì fẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún, láti igun rẹ̀ kan sí igun tó jìnnà sí i jù, kò ju mítà 141 lọ. Ẹyọ kan ló lè gbà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, kò sí àní-àní níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni ẹ ó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ ẹbí kan tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tàbí igbó ìjọba, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí oríkò iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà ní ìbú òun òró, a kì í sì í ṣàdédé wọ ibẹ̀ láìgba àyè. Fún irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ̀ya eré náà kan wà láti ọdún 2004 tí wọ́n ń pè ní EarthCache. Kò ní ike rárá. Ẹ ó débẹ̀, ẹ ó wo òkúta tàbí ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ ó dáhùn ìbéèrè nípa bó ṣe wáyé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó tó dá eré yìí sílẹ̀ ò ní láti rò nìyí. Ẹni tó bá rí korobá dúdú nínú igbó ní Oregon lè ní pàǹtírí ni. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí wọ́n bá gbé sí ìdí igi, ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀, ó sì nídìí tó fi gbé e. Ike tí ẹ fi aṣọ pupa wé, tí ẹ tì sí ìdí ìrókò, kò sẹ́ni tó máa ṣí i láti kọ orúkọ. Wọ́n lè dáná sun ún, wọ́n sì lè máa wá ẹni tó gbé e síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi sí oríta. Ẹ má fi sí ìdí igi tí wọ́n ti wé aṣọ mọ́. Ẹ má lo ìkòkò, igbá, tàbí ọ̀rá dúdú tí ẹ fi téèpù dì gbọin-gbọin, torí èyí tó kẹ́yìn yìí lè mú kí wọ́n pe ọlọ́pàá nítorí bọ́ǹbù. Ike funfun tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ láti ìta ló dára jù. Ẹ kọ ọ́ sí i lára ní Yorùbá gbàǹgbà: "Eré ni èyí. Kò sí owó, oògùn tàbí ẹbọ nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i."

Ẹni tó ń wá ike náà ní òfin tirẹ̀. Bí ẹ bá ń wá a tí ẹ bá rí ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín tàbí àkísà tí wọ́n so kọ́ sí ara igi tàbí ẹrù igi kan, àálè nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì wò ó bóyá ike wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó so ó mọ ohun tó ń ṣọ́.

Ní òkè òkun, apá kan nínú adùn eré náà ni pé kí ará ìta má mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Wọ́n á máa díbọ́n bíi pé okùn bàtà ni wọ́n ń so. Èmi ò gbà pé kí ẹnikẹ́ni dán an wò níbí. Ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ nínú igbó onígbó ń wá ìjàngbọ̀n. Ẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Kí lo sọ nù?"

"N ò sọ nǹkan kan nù o, bàbá. Eré kan là ń ṣe, wọ́n fi ike kan pamọ́ sí eteetí ọ̀nà, àwọn tó ni ilẹ̀ sì mọ̀ sí i."

"Àbí èyí tó wà lẹ́yìn òkúta yẹn?"

Bàbá ti ba eré jẹ́, àmọ́ ẹ ti délé ní àlàáfíà.

Inú ike ńkọ́? Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí ló ṣe pàtàkì. Bí àwọn nǹkan kékeré bá wà níbẹ̀, bíi bọ́tìnì tàbí ọmọláńgidi, ẹ lè mú ọ̀kan, kí ẹ sì fi òmíràn tó tó o rọ́pò. Bí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára, ìyẹn ń rìnrìn àjò láti ike dé ike ni. Ẹ gbé e dé ibòmíràn, kì í ṣe tiyín. Kò gbọ́dọ̀ sí ọtí, oògùn, ọ̀bẹ tàbí ìṣáná. Kò sì gbọ́dọ̀ sí oúnjẹ. Ẹ̀wà agolo ti Dave Ulmer yẹn, wọn ò jẹ́ fàyè gbà á lónìí. Níbí, bí èèrà ò bá dé ibẹ̀, òkété á dé ibẹ̀, ó sì máa jẹ ike náà mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, iná ni olórí ọ̀tá igbó tuntun. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó má wọ ibẹ̀ rárá nígbà ọyẹ́, kí ike pàápàá má sì wà nínú koríko gbígbẹ. Nígbà òjò, ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ẹ fi igi yẹ ihò wò kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí ejò. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Bí ọ̀nà kan bá ní ìròyìn àìdáa lọ́sẹ̀ yẹn, ike ò sá lọ síbì kankan.

Igbó náà lè jèrè lára wọn pẹ̀lú. Láti ọdún 2002 ni àwọn eléré yìí ti ní àṣà pé ẹni tó bá lọ wá ike kó ṣa pàǹtírí tó bá rí lọ́nà bọ̀. Wọ́n sì máa ń kóra jọ láti tún ilẹ̀ ṣe tàbí gbin igi. Igbó tí ọ̀rá omi ti kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí èpò sì fẹ́ bo igi rẹ̀ mọ́lẹ̀, lè gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ẹnì kan bá wà níwájú tó máa fi èyí tó jẹ́ igi àti èyí tó jẹ́ èpò hàn wọ́n kí wọ́n tó mú àdá.

Bí ẹ bá wá rí ike náà láìwá a, ẹ kà á lára. Bó bá ní eré ni, ẹ lè ṣí i, ẹ lè kọ orúkọ yín sínú ìwé náà, ààyè wà fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ẹ dé e pa, ẹ dá a padà sí ibẹ̀ gan-an, kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin rò pé ó dára jù, torí nọ́ńbà ibẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bó bá ti fọ́, tí omi ti wọ̀ ọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà. Bí òun náà ò bá sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí wọ́n kó o kúrò níbẹ̀.